Amos Alonzo Stagg, Olùkọ́ Eré Ìdárayá Tí Kò Gbà Láti Jókòó

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹni 70 ọdún fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lọ sinmi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Kí bàbá lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ máa wá kí i. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kọ ìjókòó náà pátápátá. Ará Amẹ́ríkà ni, Amos Alonzo Stagg ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1862 ni a bí i ní ìlú West Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó wọ Yúnífásítì Yale, iṣẹ́ oníwàásù ni ó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀ nínú eré béésìbọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá, débi pé àwọn tí ń fi eré náà jẹun wá fi owó lọ̀ ọ́. Kò gbà. Nígbà tí ó ṣe, òun fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu òun lórí àga ìwàásù, ó sì pinnu pé orí pápá ni òun yóò ti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní ìwà rere.

Ní 1890 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn YMCA ní Springfield. Ibẹ̀ ni James Naismith, ará Kánádà, ti dá eré bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n sílẹ̀ ní ìparí 1891. Ní oṣù kẹta 1892, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá ara wọn ta á lójú àwùjọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ lu àwọn olùkọ́ wọn ní 5 sí 1. Ta ni ó ju ẹyọ kan ti àwọn olùkọ́ náà sínú agbọ̀n? Stagg ni.

Ní ọdún yẹn kan náà ni William Rainey Harper, tí ó ti kọ́ ọ ní Bíbélì ní Yale, ń kó ènìyàn jọ sí Yúnífásítì Chicago tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ó fún Stagg ní 2,500 dọ́là lọ́dún, ó sì fi í sí ipò tí ó kàn ti ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí kì í ṣe ti lónìí-wà-lọ́la-kò-sí. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré dà bí alágbàṣe. Bí eré bá ti parí, kí ó máa lọ. Àwọn kan kùn pé kí ni bọ́ọ̀lù ní í ṣe láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Lójú tèmi, ìkùnsínú wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí Harper mọ̀ dájú pé bọ́ọ̀lù yóò gbé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn.

Bọ́ọ̀lù tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ gbá níhìn-ín o. Ṣóńṣó ni bọ́ọ̀lù tiwọn ṣe lórí méjèèjì. Wọ́n ń gbé e sáyà sáré, wọ́n sì ń gbá ara wọn lulẹ̀. Ní ọdún 1892 tí ènìyàn kò tó, Stagg fúnra rẹ̀ wọ pápá pẹ̀lú àwọn tí ó ń kọ́. Ọdún 41 ni ó fi kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù yìí ní Chicago. Ó kọ́ wọn ní béésìbọ́ọ̀lù fún nǹkan bí 20 ọdún, ó sì kọ́ wọn ní eré sísá fún ohun tí ó lé ní 30.

Ọdún 1905 ni ògo rẹ̀ yọ jù. Michigan ti ta 56 ìfigagbága láìsí ẹni tí ó borí wọn. Chicago borí wọn ní 2 sí òfo. Ṣùgbọ́n ní 1905 náà ni ikú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fara pa lórí pápá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Theodore Roosevelt fi dá sí ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn mìíràn sì ń wí pé kí a fòfin de eré náà. Stagg wà lára àwọn ìgbìmọ̀ tí ó tún òfin rẹ̀ ṣe. Láti 1906 ni wọ́n ti gbà kí a máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, kí gbogbo ènìyàn má baà máa ya lu ara wọn lójú kan.

Nígbà tí ó di 1932, Stagg pé 70. Robert Hutchins ni ó ń ṣe olórí yúnífásítì náà, òfin sì ni òfin. Wọ́n fi ipò mìíràn lọ bàbá, ó ní rárá, iṣẹ́ kíkọ́ni lórí pápá ni òun mọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba California lọ sí College of the Pacific ní Stockton. Ní 1938 ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ tuntun padà wá sí Chicago, sórí pápá tí wọ́n fi orúkọ òun fúnra rẹ̀ sọ, Stagg Field. Wọ́n na Chicago ní 32 sí òfo. Bí inú rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà, ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀ wò. Ní ọdún kejì rẹ̀, lẹ́yìn tí Michigan ti nà wọ́n ní 85 sí òfo, Chicago pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà tì.

Pápá náà kò ní ariwo mọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá 1942, lábẹ́ ibi ìjókòó àwọn òǹwòran, Enrico Fermi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí agbára átọ́míìkì máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, níkọ̀kọ̀.

Stagg kò simi. Ní 1943, nígbà tí ó di ẹni 81 ọdún, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn án ní olùkọ́ tí ó tayọ jù lọ́dún náà. Nígbà tí Pacific náà ní ó ti tó ní 1946, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Susquehanna ní Pennsylvania. Lẹ́yìn èyí ó padà sí Stockton, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́jì níbẹ̀ bí a ti í ta bọ́ọ̀lù nípàá. Ẹni 98 ọdún ni nígbà tí ó fi èyí sílẹ̀ ní 1960. Ó kú ní oṣù kẹta 1965, ní ẹni 102 ọdún.