Ọjà Inú Túbú: Bí Ẹlẹ́wọ̀n Ṣe Ń Ra Ohun Kòṣeémánìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ju ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n, èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ ìnáwó ti parí fún un, pé ìjọba tí ó tì í mọ́lé ni yóò bọ́ ọ, tí yóò sì fún un ní ibi tí yóò sùn sí. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹnu ọ̀nà túbú ni ìnáwó mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé níbikíbi tí onítúbú bá ti ń jẹun lára ẹni tí ó ń ṣọ́, òmìnira fúnra rẹ̀ a di ọjà títà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ètò náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ onítúbú ni kì í gba owó oṣù. Ńṣe ni àwọn mìíràn ń fi owó ra ipò wọn. Ní 1728, Thomas Bambridge àti ẹnì kejì rẹ̀ fi 5,000 pọ́n-ùn gba àkóso túbú Fleet lọ́wọ́ John Huggins. Lára ta ni wọn yóò ti rí owó náà padà? Lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbèsè. Ẹni tí ó bá wọlé yóò san owó ìwọlé, yóò san owó yàrá àti ti ibùsùn, yóò sì ra oúnjẹ, èédú àti ọtí. Ẹni tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lè sanwó kí a tú u. Bí àkókò àtilọ bá sì tó, owó ìjáde ń dúró dè é.

Ní túbú Marshalsea, apá olówó wà, apá tálákà sì wà. Olówó lè gba yàrá, kí ó sì ránṣẹ́ ra ohun tí ó wù ú. Àánú ará ìta ni tálákà ń jẹ. Ní Fleet, fèrèsé onírin kan kọjú sí títì, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń ṣagbe lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá. Yorùbá ní ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni ó ti ń jẹ. Ní túbú wọ̀nyí, ẹni tí ó di okùn mú ni ń jẹ. Ewúrẹ́ ni ń sanwó.

Gbèsè ni ó gbé Robert Castell, ayàwòrán-ilé àti òǹkọ̀wé, dé Fleet. Nígbà tí kò san iye tí Bambridge ń bèèrè mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé kan tí àrùn ṣànpọ̀nná wà. Ó ṣàlàyé pé àrùn náà kò ṣe òun rí. Wọn kò gbọ́. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1728. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, James Oglethorpe, tí ó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, darí ìgbìmọ̀ olùwádìí ní 1729. Wọ́n bá àwọn tí ebi ń pa kú lọ ní Marshalsea. A fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan Bambridge àti William Acton, onítúbú Marshalsea. Ilé ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì láre.

Ní 1773, John Howard di ṣẹ́rífù ní Bedfordshire. Ó bá àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá láre tí wọ́n ṣì wà ní àtìmọ́lé, nítorí pé wọn kò rí owó ìjáde san. Ó dábàá kí a máa san owó oṣù fún onítúbú. Àwọn adájọ́ ní kí ó mú àpẹẹrẹ wá. Ó rìn dé àwọn ẹkùn tí ó wà nítòsí, ìwà kan náà ni ó bá. Òfin 1774 dá irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó di 1815 kí òfin tó pa owó túbú rẹ́.

Èmi kò sọ pé rírà fúnra rẹ̀ ni ó burú. Títí di òní, ẹlẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà a máa fi owó tí a kọ sí orúkọ rẹ̀ ra ọṣẹ àti ìpápánu. Ẹni tí ó lè yan ọṣẹ tí yóò fi wẹ̀ ṣì mọ̀ pé ènìyàn ni òun. Ìbéèrè tí Fleet fi sílẹ̀ fún wa ni èyí: ta ni ó ń jèrè ọjà náà, kí sì ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́? Ìlú tí kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ń fi ìyà méjì jẹ tálákà: ọ̀kan fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, èkejì fún àìlówó rẹ̀.