Lẹ́tà Tó Pẹ́ Ọjọ́ Méjì: Carlton Fisk àti Òmìnira Eléré Bésíbọ́ọ̀lù



Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti mú ní Amẹ́ríkà, tí pápá bésíbọ́ọ̀lù sì dákẹ́, ariwo mìíràn ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo owó ni. Ẹgbẹ́ yìí ti mú lágbájá, ẹgbẹ́ tọ̀hún ń bá tàmẹ̀dò sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń le jù ni ti catcher tó ti ń dàgbà. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀kan nínú wọn lónìí, nítorí pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àṣìṣe akọ̀wé kan ni. Èmi gbà pé ìtàn òṣìṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Catcher ni ẹni tó ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó mú igi lọ́wọ́. Òun ló ń gba bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jù, ó sì lè ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ nínú eré kan ṣoṣo. Òun náà ló ń júwe irú bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jù. Ẹ lè fi gólì inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wé e, àmọ́ gólì kì í lóṣòó títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Orúnkún rẹ̀ ló ń sanwó iṣẹ́ yìí, ìka rẹ̀ náà sì ń san tirẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí catcher bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn tó ni ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí awakọ̀ ṣe ń wo táyà tó ti jẹ.

Ọdún 1947 ni wọ́n bí Carlton Fisk ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní agbègbè New England tí Boston jẹ́ olú ìlú fún gbogbo wọn. Nítorí náà, ọmọ ilé ló jẹ́ fún ẹgbẹ́ Boston Red Sox. Ní 1972, òun ni wọ́n yàn ní eléré tuntun tó dára jù ní American League, kò sì sí ìbò kan tó ta kò ó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1974, ẹnì kan sáré kọlù ú ní Cleveland, iṣan orúnkún rẹ̀ já, àwọn kan sì rò pé ó ti parí fún un. Kò parí. Lóru ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 1975, nínú eré kẹfà World Series pẹ̀lú Cincinnati, ó gbá bọ́ọ̀lù kan sókè ní ìpele kejìlá. Bọ́ọ̀lù náà fẹ́ yà sóde ìlà. Fisk dúró, ó ń fi apá méjèèjì júwe fún un pé kó padà sínú, bí ẹni tó ń da ewúrẹ́. Bọ́ọ̀lù gbọ́ tirẹ̀, ó kan òpó, Boston sì jáwé olúborí lóru yẹn. Ọjọ́ kejì ni Cincinnati gba ife, ṣùgbọ́n títí dòní, apá Fisk ni àwọn ènìyàn ń rántí.

Ẹ ò wá rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lọ. Àmọ́ ìfẹ́ aráàlú kì í wọ inú ìwé àdéhùn.

Kí á tó dé ibi lẹ́tà, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Láti 1879 ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ ní National League ti fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi eléré márùn-ún pamọ́, kí ẹgbẹ́ mìíràn má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó yá, ó kan gbogbo eléré. Bí àdéhùn rẹ bá parí, ìwọ ò ní lọ síbì kankan: ẹgbẹ́ rẹ ni yóò sọ iye tí wọn yóò san, o gbà á tàbí o jókòó sílé. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Ìwọ̀fà ń sin olówó nítorí gbèsè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti san gbèsè náà, ó dòmìnira. Eléré bésíbọ́ọ̀lù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, wọ́n sì ń san owó fún un lóòótọ́, àmọ́ kò ní ọjọ́ ìràpadà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí nìyẹn.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ní 1966, ẹgbẹ́ àwọn eléré mú Marvin Miller, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yúníọ̀nù àwọn òṣìṣẹ́ irin, pé kó wá máa darí wọn. Ní 1969, St. Louis ta Curt Flood fún Philadelphia láìbi í léèrè. Flood kọ̀, ó ní òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń tà. Ó gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ó sì pàdánù ní 1972. Iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 1970, Miller ti rí ohun kékeré kan gbà nínú àdéhùn gbogbogbòò: bí ìjà bá dé lórí ohun tí ìwé àdéhùn sọ, onílàjà tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan ni yóò dá a. Láti ẹnu ọ̀nà kékeré yìí ni wọ́n gbà wọlé. Ní 23 oṣù Kejìlá 1975, onílàjà Peter Seitz ní Andy Messersmith àti Dave McNally, tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún kan láìfọwọ́ sí àdéhùn tuntun, ti dòmìnira. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ lé Seitz kúrò níṣẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Àdéhùn 1976 wá fi í lélẹ̀ pé eléré tó bá ti lo ọdún mẹ́fà lè wá ẹgbẹ́ tó wù ú.

Ó wá ku Boston, òtútù ọdún 1980. Haywood Sullivan, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ náà, ti ṣe catcher rí fúnra rẹ̀. Àwọn eléré ńlá mẹ́ta rẹ̀, Fisk, Fred Lynn àti Rick Burleson, ni owó wọn ń dẹ́rù bà á. Wọ́n ta Burleson fún California Angels ní oṣù Kejìlá. Ní ti Fisk àti Lynn, òfin ni pé kí ẹgbẹ́ fi ìwé àdéhùn ọdún 1981 ránṣẹ́ sí wọn, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 22 ni wọ́n fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ méjì péré! Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Fisk pé ọdún 33.

Ẹgbẹ́ àwọn eléré pè é lẹ́jọ́. Boston yára ta Lynn fún Angels kí ìdájọ́ tó dé, wọ́n sì rí eléré mìíràn gbà dípò rẹ̀. Fisk dúró de ìdájọ́. Ní oṣù Kejì 1981, onílàjà Raymond Goetz ní ó ti dòmìnira. Boston kò rí ẹnikẹ́ni gbà dípò rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Lẹ́tà náà kọ́ ló dá Fisk sílẹ̀. Ká ní ọdún 1965 ni, lẹ́tà ì bá pẹ́ oṣù méjì, Fisk ì bá lọ bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Ta ni ì bá fi ẹjọ́ sùn? Ohun tó jẹ́ kí ọjọ́ méjì ní ìtumọ̀ ni ọdún mẹ́rìnlá tí Miller àti àwọn eléré ti fi ṣe wàhálà, àti iṣẹ́ Flood tó bàjẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní oṣù Kẹta, Fisk fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún pẹ̀lú Chicago White Sox, owó rẹ̀ sì sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ máa ń sọ pé bí wọ́n bá tú eléré sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ni yóò kó gbogbo wọn. Ẹ wo Chicago. Eré 90 ni wọ́n pàdánù ní 1980, owó sì ti tán lọ́wọ́ Bill Veeck tó ni ín. Jerry Reinsdorf àti Eddie Einhorn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1981 ni. Wọ́n mú Fisk, wọ́n tún ra Greg Luzinski, ọmọ Chicago, lọ́wọ́ Philadelphia. Lọ́dún méjì sí i, ní 1983, White Sox jáwé olúborí nínú eré 99, wọ́n sì gba ipò kìíní ní ìhà ìwọ̀-oòrùn American League.

Nọ́ńbà 27 tí Fisk ń wọ̀ ní Boston kò ṣófo ní Chicago, ó bá yí i padà sí 72. Ibo wá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ọdún 1981? Boston ni, ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Fisk gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá, ó mú àmì mẹ́ta wọlé, Chicago sì na Boston ní 5 sí 3.

Bí ó bá jẹ́ àlọ́, ibí yìí ni ń bá ti ní ìdí àlọ́ mi rè é. Ṣùgbọ́n ìtàn ni. Ní 1985, ní ẹni ọdún 37, Fisk gbá bọ́ọ̀lù 37 jáde kúrò ní pápá, àdéhùn rẹ̀ sì parí. Ẹ̀yin náà ì bá rò pé wọn yóò máa jà lé e lórí. Pápá dákẹ́ rọ́rọ́. George Steinbrenner ti New York Yankees nawọ́ owó sí i, ó sì tún fà á padà. Fisk padà sí Chicago. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti di rìkíṣí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan eléré ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ṣe ní 1879 ni wọ́n tún ń ṣe, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ní òtútù tó tẹ̀ lé e, Bob Boone, catcher ẹni ọdún 39, kò rí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹ. Òfin kò sì jẹ́ kó padà sí Angels títí di oṣù Karùn-ún 1987, nígbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin. Ẹgbẹ́ àwọn eléré tún gbé ẹjọ́ lọ síwájú onílàjà, wọ́n tún borí, àti pé ní 1990, àwọn tó ni ẹgbẹ́ gbà láti san mílíọ̀nù 280 dọ́là.

Ní 22 oṣù Kẹfà 1993, Fisk lóṣòó nínú eré rẹ̀ kẹrìnlélógún lé ní ẹgbàá ó lé igba lé méjì, ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà kọ ọ́ kó yé wa: 2,226. Ó fi ọ̀kan ju ti Boone lọ. Wọ́n fún un ní alùpùpù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n dá a dúró níṣẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ wà ní Cleveland, ìlú tí orúnkún rẹ̀ ti já. Ẹni ọdún 45 ni. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Yúníọ̀nù lè gba owó iṣẹ́ rẹ fún ọ, ó lè gba ẹ̀tọ́ rẹ, àmọ́ kò lè fi ojú àánú sínú ọkàn ọ̀gá.

Ní 2000, wọ́n gbà á sínú ilé ọlá bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown, fìlà Boston ló sì yàn. Boston fẹ́ fi nọ́ńbà 27 pamọ́ fún un, àmọ́ òfin wọn ní eléré gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ó ti parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn.

Ìwé ló yà wọ́n, ìwé náà ló tún so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn fún yín, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè àwọn tó jà kí ọjọ́ náà tó ní agbára.