Adsorption: Ìlẹ̀mọ́ra

Adsorption ni kí mólékù afẹ́fẹ́ tàbí ti omi lẹ̀ mọ́ ojú nǹkan láìwọ inú rẹ̀. Bí eruku ṣe ń bà lé tábìlì ni. Ìlẹ̀mọ́ra ni mo yàn láti máa pè é.

Orí nánótúùbù kábọ́nù, ọ̀pá oníhò tí Sumio Iijima ṣàpèjúwe ní Japan lọ́dún 1991, ni agbára ìlẹ̀mọ́ra ti hàn dáadáa. Èyí tó ní ògiri kan ṣoṣo lè má fẹ̀ ju nànómítà 1 tàbí 2 lọ. Tí a bá fi iná mànàmáná fà á nínú òfìfo, ìyẹn ibi tí a ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, agbára iná náà á kóra jọ sí ṣóńṣó orí rẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì máa jáde láìjẹ́ pé a mú un gbóná.

Tí mólékù omi bá wà lórí ṣóńṣó yẹn, ìjáde á rọrùn, iná tó ń ṣàn á sì pọ̀ sí i. Ọ́síjìn ní tirẹ̀ a máa fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra, ìjáde á wá nira. Ó tiẹ̀ lè jẹ kábọ́nù náà lórí. Bí àwọn mólékù ṣe ń bà lé e tí wọ́n tún ń ṣí kúrò ni iná náà ń lọ sókè sódò. Tí a bá mú ọ̀pá náà gbóná nínú òfìfo, wọ́n á kúrò. Iná tí omi ti mú pọ̀ sí i á dínkù, ṣùgbọ́n yóò dúró déédéé. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn iná yìí láì sọ bóyá ojú ọ̀pá náà mọ́, kì í ṣe kábọ́nù nìkan ló wọ̀n.