Àká Àkọsílẹ̀ Tó Ṣí Sílẹ̀ àti Àwọn Tí Yóò Kà Á

   

Ẹnu ni a fi ń kọ́ Ifá, etí ni a fi ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ olúwo mi, láìsí bébà, láìsí gègé. Nítorí náà, ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìwé ni mo gbé wá síwájú ọdún lónìí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn ilé ìkàwé ńláńlá ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń ya àwòrán àwọn ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń gbé wọn sí orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò wọ́n láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ awo a máa mú ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ wá bá mi. Oríṣiríṣi ni ohun tó wà nínú àká náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì yé ẹni tó kó o pamọ́.

Ẹni tó bá wá "Yorùbá" nìkan níbẹ̀ yóò rí díẹ̀, yóò sì rò pé ó tán. Orúkọ yìí kò tíì kárí gbogbo wa nígbà tí wọ́n ń kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Ní Freetown, ní Sàró, Aku ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí "kú" tó kún inú ìkíni wa. Ní Brazil, Nagô ni wá; ní Cuba, Lucumí ni wá. Clapperton tó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826 pe ìlú náà ní Katunga, bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é. Lọ́wọ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò etíkun, Ọ̀yọ́ di Eyeo. Ifá pàápàá, Fá ni wọ́n kọ ọ́ ní ibì kan, Afá ni wọ́n kọ ọ́ ní ibòmíràn. Bí a bá ń wá ará ilé wa láàárín àlejò, orúkọ tí àlejò sọ ọ́ ni a ó fi béèrè rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a lè rí lọ́nà yìí, èyí tó pẹ́ jù nípa Ifá kì í ṣe ìwé. Ọpọ́n Ifá ni. Ó wà ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì. Christoph Weickmann, oníṣòwò ìlú náà, ló kó o jọ pẹ̀lú àwọn ohun àràmàǹdà mìíràn, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé tó to àwọn ẹrù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 1659. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ọba Allada ló ti wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. A kò mọ ọpọ́n mìíràn tó ṣẹ́kù tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tirẹ̀. Ìwé náà pè é ní pátákó ìrúbọ, ó sì ní àwọn ère ara rẹ̀ jẹ́ ohun ìríra ti ẹ̀mí búburú. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ awo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ojú Èṣù ni à ń kọ́kọ́ wò lára ọpọ́n kí a tó mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Ẹni tó ra ọpọ́n náà kò ní olùkọ́ tí yóò sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó kọ Allada sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ káàkiri pé kò tíì pẹ́ tí Ifá jáde kúrò nílé. Ó ti lé ní 360 ọdún tí ọpọ́n yìí ti wà ní Ulm, kí ó tó débẹ̀ ló sì ti wà níwájú ọba tí kì í ṣe ọba Yorùbá.

Ìwé àwọn oníwàásù pọ̀ nínú àká yìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ọdún 1843. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1852 kún fún òwe. Lijadu, oníwàásù ní Oǹdó, jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì tẹ ìwé nípa Ifá jáde ní èdè wa nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe kọ àwọn ìwé náà. Síbẹ̀, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má tìtorí ẹ̀sìn ẹni tó gbé omi wá dà á nù. Ní ti Ellis, ọ̀gágun tó tẹ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1894, ẹ rọra kà á. Ó fẹ́ràn láti máa tú orúkọ òrìṣà bó ṣe wù ú.

Ohùn pẹ̀lú wà. Turner, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Bahia ní ọdún 1940, ó sì gba ohùn Martiniano do Bonfim sílẹ̀, babaláwo tó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ohùn náà wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Indiana. Ohun kan tún wà tí mo fi ń díwọ̀n àwọn olùwádìí: ta ló dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ? Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1943 pé Gẹdẹgbé, awo ọba Béhanzin, kọ́ òun. Bascom kọ orúkọ Ṣàlàkọ́ ará Ọ̀yọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹẹ́rìndínlógún. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kàn kọ ọ́ pé "babaláwo kan" ló sọ ọ́. Ohun tó bá sì jẹ́ ti igbódù, tí a fi ìmùlẹ̀ gbà, kò yẹ kó wọ inú àká wọn rárá, bó ti wù kí olùbéèrè lawọ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù. Àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ akẹ́rú tó lé ní 36,000 wà nínú àká kan tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sínú àwo kọ̀ǹpútà ní ọdún 1999, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2008. Orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, iye wọn ni a rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1808 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown. Akọ̀wé a jókòó, ògbufọ̀ a dúró tì í, wọ́n a sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde: kí ni orúkọ rẹ? Akọ̀wé a kọ orúkọ, a kọ ọjọ́ orí, a wọn bí ó ṣe ga tó, a sì kọ àmì tó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Havana náà. Orúkọ tó lé ní 91,000 ni a ti kó jọ nínú àwọn ìwé méjèèjì yìí. Ilé ìkàwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti ran àwọn ará Sàró lọ́wọ́ láti ya àwòrán àwọn ìwé tó wà ní Fourah Bay, kí ikán àti òjò má baà jẹ wọ́n tán.

Akọ̀wé wọ̀nyẹn kò mọ àmì ohùn, wọn kò sì mọ gb yàtọ̀ sí b. Bí ó bá kọ Oke, ṣé Ọ̀kẹ́ tí wọ́n bí nínú àpò ni, tàbí Òkè? Bí a bá rí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fa, ṣé ilé awo ni wọ́n ti jí ọmọ náà gbé? Àwọn ọ̀mọ̀wé tó kó orúkọ náà jọ mọ̀ pé agbára wọn kò ká a, wọ́n sì bẹ àwọn elédè káàkiri ayé pé kí wọ́n gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ibi tó ti wá. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe èyí fún wọn. Ẹni tó ti ń sọ ọmọ lórúkọ láti ogójì ọdún, tó mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní Ẹ̀gbádò tí wọn kì í jẹ́ ní Èkìtì, òun ló lè ṣe é.

Ti ilà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé rí ojú tó kọlà, ó kọ ọ́ pé ojú ọkùnrin náà ní àpá. Nígbà mìíràn, ó ka iye rẹ̀. Kò mọ àbàjà, kò mọ gọ̀m̀bọ́, kò mọ pélé. Àgbà tó bá gbọ́ iye ilà náà àti ọ̀nà tí wọ́n gbà fà á lè sọ ìlú, nígbà mìíràn ó lè sọ ìdílé. Àwọn olóòlà ti fi abẹ sílẹ̀ tipẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn tó mọ ilà kà sì ń wọ káà ilẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Tí a bá ti kó ẹrù ọdún yìí wọlé tán, kí àwọn ọmọ awo tó ní kọ̀ǹpútà tẹ ojú ìwé mẹ́wàá péré jáde nínú ìwé Freetown, kí wọ́n gbé e wá sí ìlédì ní ọjọ́ ìpàdé. Kí wọ́n máa ka orúkọ àti àmì ara náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn àgbà máa dáhùn, kí ẹnì kan sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àgbà tó sọ ọ́.