Òṣì Ló Ń Jẹ́ Ta Ní Mọ̀ Ọ́ Rí: Àwọn Ọ̀dọ́ Ọ̀fà Lẹ́yìn Kónílé-ó-gbélé

"Òṣì ló ń jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ló ń jẹ́ mo bá ọ tan." Bí àgbà bá pa òwe yìí, ìwà àwọn ẹlòmíràn ló sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tí owó rẹ̀ tán, ọ̀rẹ́ á yẹra, ìbátan á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí owó bá tún dé, àwọn tí kò bá a tan rárá á máa ka ìran fún un. Àlàyé yẹn dára, kò sì sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n apá kan ṣẹ́ kù tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò: òwe náà kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu. Lójú tèmi, láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìlú Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara láti ọdún mélòó kan wá, olówó kọ́ ló ń wí i fún òtòṣì. Òtòṣì ló ń tètè wí i fún ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wí i fún un. Á pa fóònù, á gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, á ní ara òun kò yá.

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú tó mọ àdáwà tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí 1908 tí ojú irin Èkó ti dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ìlú ti ń bá a lọ sí Èkó àti òkè Ọya, wọ́n sì ń padà wálé fún ọdún, ìsìnkú àti ìwúyè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Federal Polytechnic sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1992, ọmọ ọlọ́mọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú. Onílé tó ń háyà yàrá, ẹlẹ́wà, bábà tó ń gẹrun, ọlọ́kadà: orí wíwọlé àti jíjáde àwọn èèyàn wọ̀nyí ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Nígbà tí ìjọba Kwara wá kéde kónílé-ó-gbélé ní oṣù kẹrin ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ilé wọn lọ, yàrá wọn dá páropáro. Ilé-ìwé wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ padà dé, wọn kò tíì jókòó dáadáa tán tí ASUP, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ pólì, fi gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2021, èyí tó gba oṣù méjì gbáko. Ọdún méjì péré ni ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì. Ọmọ tí ọdún méjì tirẹ̀ bọ́ sáàárín gbogbo èyí, ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kó ọ̀rẹ́ ayérayé jọ di ibi tí òun kàn ń yà sí láti ṣèdánwò.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìpàdánù yẹn ló jẹ mí lógún jù. Kónílé-ó-gbélé kọ́ wa ní ohun kan tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn àìwá tí kò ní ẹ̀bi. Kí ọdún yẹn tó dé, ẹni tí kò yọjú síbi ìsọmọlórúkọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò. Yóò rán ẹnìkan, yóò bẹ̀bẹ̀, wọn yóò ṣì máa sọ ọ́ lẹ́yìn pé ó ti di èèyàn ńlá. Ní 2020, òfin ìjọba ló ń bá gbogbo ayé bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀, tí kò ní aṣọ, tí kò ní ohun tí yóò tẹ̀ sí ìyá ìkókó lọ́wọ́, kòrónà bò ó láṣìírí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sinmi sábẹ́ ìbòjú yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, àwọn kan kò mọ ọ̀nà àtijáde mọ́; àwọn mìíràn mọ ọ̀nà, owó rẹ̀ ni kò sí.

Owó ọ̀nà náà kúkú wá gbówó lórí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí iye ìjọba lórí rẹ̀ kò tó ₦200 ní jálá kan kọjá ₦600 kí oṣù keje tó parí. Láàárín ìgbà kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, ó sì já wálẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀wọ́n oúnjẹ ti lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Wọ́n gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní oṣù keje ọdún yẹn, NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá owó ní ₦20,000 lóṣù láti fi jẹun. Ẹni tó ti jáde ilé-ìwé, tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé aládàáni tàbí tó ń bá wọn tajà ní ọjà Owódé, kò sí nínú èyí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí nínú tọ̀hún.

Ẹ fojú inú wo ọ̀kan nínú wọn, obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan tó ń kọ́ni ládùúgbò Balógun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n sì fi í sí i láìbi í. Àwòrán aṣọ ló kọ́kọ́ dé, àǹkárá ọ̀pá márùn-ún, gèlè lọ́tọ̀. Iye owó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àkáǹtì, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí owó kò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn tó sanwó ń gbé rìsíìtì síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Iye náà ti ju owó oṣù rẹ̀ lọ, kí a tó dé orí owó aránṣọ, bàtà àti ọkọ̀ Ìlọrin tí ayẹyẹ ti fẹ́ wáyé. Kò sẹ́ni tó ní kó má wá. Bó bá ṣàlàyé fún ìyàwó, ìyẹn lè ní, "Ìwọ ṣáà wá, kò kan aṣọ." Ṣùgbọ́n ó ti rí fọ́tò ọjọ́ náà kó tó dé: ogún obìnrin nínú àwọ̀ ewé, òun nìkan nínú àwọ̀ mìíràn létí ìlà. Lóru ọjọ́ kan, ìlà kékeré kan hàn lórí ẹgbẹ́ náà pé ó ti jáde. Ìyàwó pè é láàárọ̀, kò gbé e. Bí ẹ bá bi ìyàwó lónìí, yóò ní ọ̀rẹ́ òun ló já òun sílẹ̀, irọ́ kọ́ ló sì pa.

Ti àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ le ju èyí lọ. Aránṣọ, onídìrí, mẹkáníìkì, wẹ́dà, kò sí èyí tó mọṣẹ́ tán tí a óò pè ní ọ̀gá láìṣe fírídọ̀ọ̀mù, ayẹyẹ ìgbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Owó ọ̀gá wà níbẹ̀, owó ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, owó ẹgbẹ́ oníṣẹ́, àtíbàbà, ìrẹsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, aṣọ tuntun. Ẹ óò rí ọmọ tó ti ń gé aṣọ fún oníbàárà láìsí ọwọ́ ọ̀gá nínú rẹ̀, tó ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ nítorí kò tíì rí owó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti lọ. Àwọn tó wá lẹ́yìn ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, orúkọ náà sì ń tì í lójú. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mọ́, kò sì tíì di ọ̀gá. Ìpàdé ọmọ iṣẹ́ kò gbà á, ti ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ń ṣe tirẹ̀, yóò wá ibòmíràn lọ.

Ẹnìkan lè ní owó ti wà nínú ẹgbẹ́ ṣíṣe wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Offa Descendants Union, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú, dá owó jọ, òun ló sì dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré. Owó ìgbà yẹn di ilé-ìwé, àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà sì rí i wọ̀. Owó tí a ń ní kí ọ̀dọ́ dá lónìí di aṣọ ọjọ́ kan àti kéèkì, ẹni tí kò bá sì rí i dá kò ní ìjókòó. Bóyá mo ń ṣe àsọdùn díẹ̀. Ayẹyẹ dùn, èmi náà ń lọ.

Apá kejì òwe náà kúkú ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọmọkùnrin tí a kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ra mọ́tò lójijì, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ ìyá, ọmọ bàbá àti ẹni tí wọ́n jọ ka kíláàsì kẹta fi yí i ká. Onílù ń kì í dé orí baba ńlá rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó jókòó sílé ń wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Bí a bá ń wá ohun tó ń lé àwọn ọmọ sí yàhúù àti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má jẹ́ ká dúró lórí ebi àti ojúkòkòrò nìkan. Ìfẹ́ láti padà sáàárín èèyàn wà níbẹ̀. Èmi kì í gbọ́ ìyẹn nínú wáàsí, n kì í gbọ́ ọ nínú ìwàásù ọjọ́ Sunday náà.

A ti pẹ́ tí a ti ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ìbáṣepọ̀ láwùjọ gbé ìjábọ̀ jáde pé ẹnìkan nínú mẹ́fà lágbàáyé ló ń mọ ìdánìkanwà lára, àwọn ọ̀dọ́ sì wà lára àwọn tó ń bá jà jù. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù, ó tó ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bí 11. Yẹ̀yẹ́ náà ti yí padà sí wa. Lóòótọ́, ilé olówó pàápàá kò gún tán. Ìwádìí tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2022 fi Ireland síwájú gbogbo àwọn tó kù, pẹ̀lú ẹni tó lé ní ẹyọ kan nínú márùn-ún tó ní ìdánìkanwà ń ṣe òun ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Níbẹ̀, owó ilé ló ń há ọ̀dọ́ mọ́ yàrá tó ti ń sùn láti kékeré. Ní Ọ̀fà, kò sí ìtìjú nínú gbígbé ilé bàbá ẹni, ohun tí ilé ìdílé wà fún nìyẹn. Owó tí a óò fi jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ló di ìṣòro.

Àwọn àgbà ní fóònù ló ba àwọn ọmọ jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Fóònù ni àyè tó ṣẹ́kù tí kò wọ́n jù láti wọ̀, òun náà sì ti ń gbówó lórí: ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Ẹ wo ọmọ tó wà nínú agbo ilé ẹlẹ́ni ogún. Bàbá àgbà ń gba ìkíni rẹ̀ láàárọ̀, ìyá ń rán an níṣẹ́, àbúrò ń bá a jà sí omi ìwẹ̀. Lójú ìlú, kò dá wà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni là ń sọ ohun tí kò ṣe é sọ fún ìyá fún: iṣẹ́ tí a wá tì, ẹni tó já wa sílẹ̀, gbèsè tó wà lọ́rùn. Ẹgbẹ́ ọmọ yìí, àwọn kan ti jápa, àwọn kan wà ní Èkó, èyí tó kù sì wà ní ìta kejì, tí òun náà ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ibi tí mo ti rí i pé nǹkan ṣì ń lọ ni ibi tí kò sí owó ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọkùnrin a to òkúta méjì méjì sí ìpẹ̀kun pápá, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù títí oòrùn á fi mú. Ẹni tí kò ní bàtà ń gbá a lẹ́sẹ̀ lásán, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè iṣẹ́. Ọdún Ìjàkadì tí Ọ̀fà ń ṣe náà rí bẹ́ẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: ara àti ẹnìkejì nìkan ni ìjàkadì ń béèrè. Àwọn obìnrin kò ní àyè tó tó èyí. Irun dídì lójúde, tí ọ̀rẹ́ ń dì fún ọ̀rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìjọba Abuja ló ni ọ̀rọ̀ epo àti náírà, a kò lè fi ìpàdé ìta mú un wálẹ̀. Fírídọ̀ọ̀mù kì í ṣe ti Abuja. Ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ tàbí ti onídìrí ní Ọ̀fà lè jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá á máa gba ìwé ẹ̀rí pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan, pẹ̀lú aṣọ tí kálukú bá ní, kí ọ̀gá gbàdúrà, kí wọ́n tú ká. Owó tí ọ̀gá ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ dínkù bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìpàdé náà yóò ti le.