Etí Ṣáájú Ìwé: Bí Àwọn Ọmọ Gold Coast Ṣe Kọ́ Fèrè Idẹ

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Àṣàǹtí jagun ní 1873 sí 1874, ó kó àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú wá láti erékùṣù Kàríbíánì sí etíkun Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Fèrè idẹ wà lára ohun tí àwọn wọ̀nyí mú wá. Orin ìwọ́de Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fọn lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá dilẹ̀, orin ilé wọn ni wọ́n fi ń ṣe fàájì. Àwọn Fántì tó ti ń kọ́ fèrè lọ́dọ̀ ológun fetí sí orin yìí. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1880, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fọn orin tiwọn, èyí tí à ń pè ní adaha.

Orin adaha kò sí nínú ìwé ológun kankan. Etí ni wọ́n fi gbà á, ọwọ́ ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Èyí kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìlù láyé àwọn baba wọn. J. H. Kwabena Nketia (1921–2019), ọ̀mọ̀wé ọmọ Gánà, ṣàlàyé pé àwọn olùkọ́ ìlù a máa fi ẹnu pe ìlù fún ọmọ, wọn a sì máa fi ọwọ́ lu ìró náà sí i léjìká kí ara rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ara ọmọ náà ni wọ́n fi ṣe ìwé.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Fèrè idẹ kì í ṣe ohun tí àwọn abúlé tí kò lówó lè rà. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ irú abúlé bẹ́ẹ̀ fi ohùn ẹnu àti ìlù tí wọ́n kàn fúnra wọn dípò rẹ̀, wọ́n sì ń tò rìn bí ológun. Orin yìí ni kónkómà, tó ré kọjá títí ó fi dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ní Àkrá, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Joe Lamptey dá ẹgbẹ́ onífèrè àti onílù sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní James Town. E. T. Mensah (1919–1996) wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ di fèrè mú níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òun àti àwọn mìíràn ti bọ́ sínú Accra Orchestra tí Lamptey dá sílẹ̀.

Síbẹ̀, etí nìkan kò tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Jack Leopard, ológun ará Scotland kan, kọ́ Mensah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń lo ahọ́n àti èémí bó ṣe yẹ lórí fèrè. Ẹ̀kọ́ yìí kò ba ohun tí etí ti kọ́ jẹ́. Ó tún un ṣe ni. Nígbà tí Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Tempos, bẹ̀rẹ̀ sí wá ṣeré ní Nàìjíríà ní 1950, àwọn olórin ibẹ̀ náà fetí sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Victor Olaiya (1930–2020), tí òun àti Mensah jọ ṣe àwo orin ní àwọn ọdún 1980.

Ìtàn yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Dò, re, mí tí àwọn olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ni ní àmì ohùn, ọ̀dọ̀ olórin ni a ti yá a. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín igbá àti ìgbà, tí kò sì tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, àmì tí olùkọ́ fi sórí ọ̀rọ̀ yóò dà bí ìlà lásán lójú rẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, tó sì ti pè é, àmì náà á wá di ìrántí ohun tó ti mọ̀.