Bí A Ṣe Ń Rí Òṣìṣẹ́ Láti Ayé Ìyá Wa Títí Di Òní, ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

   

Kò sí ìpàdé tí a ṣe láìpẹ́ yìí tí ọ̀rọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀bù kò jẹ yọ. Ìyá kan á ní èyí tí òun gbà kò lò ju oṣù méjì lọ. Òmíràn á ní tòun kó owó ọjà sá lọ. Gbogbo wa á wá mi orí, a ó ní ọmọ ayé ìsinsìnyí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé àjọ̀dún yìí, mo jókòó, mo ro ìtàn ìlú wa méjèèjì, mo sì rí i pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan.

Láyé àwọn ìyá àgbà wa, wọn kì í wá òṣìṣẹ́ lọ síta. Ọmọ, ìyàwó ilé àti àbúrò ló ń ṣiṣẹ́. Ní Òṣogbo tó jẹ́ ìlú aró, ìdí ìkòkò aró ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún, tó sì lówó lọ́wọ́, lè yá ẹlòmíràn lówó kó sì gba ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó ló bọ́. Ìyà wà níbẹ̀, nítorí ẹlòmíràn sìn títí, owó kò rí san. Kò sí ẹni tó yẹ kó fẹ́ kó padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí ohun kan: láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ti ń ka ọjọ́ tí yóò dá dúró.

Réluwè tó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Kò dé Iléṣà rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi ń gba Òṣogbo lọ sí Èkó, tí ọjà òyìnbó náà sì ń gba Òṣogbo wọ Iléṣà. Iṣẹ́ tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ dé: lébìrà réluwè, alágbàárù, ẹni tó ń wọn èkùrọ́ àti kòkó, akọ̀wé ilé ìtajà. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa kọ́kọ́ gba owó oṣù. Òyìnbó kì í sì í kó ọjà lé akọ̀wé lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò béèrè onídùúró, yóò sì máa wá ka ọjà.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà gbé tiwọn gba ọ̀nà mìíràn. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n á ru aṣọ lọ sí Èkìtì, Àkókó, àní títí dé Òkè Ọya, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà lọ gba owó. Orúkọ wọn jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò ní dìde àfi bí owó bá jáde. Ta ló ń bá wọn ru ẹrù? Ọmọ iṣẹ́ ni, ọmọ ìbátan tàbí ọmọ ará ilé. Wọn kì í san owó oṣù fún un. Yóò jẹ, yóò mu, yóò kọ́ bí a ṣe ń mọ oníbàárà tó ṣe é fi ọkàn tán. Nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, ọ̀gá yóò kó aṣọ fún un kó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ náà mọ èyí láti ọjọ́ tó ti dé. Ohun tó ń mú un ru ẹrù gun òkè Èkìtì nìyẹn. Púpọ̀ nínú ilé ńláńlá tó wà ní Iléṣà, owó Òṣómàáló ló kọ́ ọ.

Ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Oore ńlá ni. Lára ẹ̀ ni èmi náà fi mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá ìyá kiri ọjà ti lọ sí kíláàsì, èyí tó ń bá bàbá ro oko kòkó ti di akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn Ìgbìrà àti Àgàtú ni wọ́n ń gbà sóko kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọ tó jáde ìwé ń wá iṣẹ́ ìwé. Ó rí i fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dá International Breweries sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1971, ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ ní 1978. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980, ilé iṣẹ́ tó ń rọ irin sì tẹ̀ lé e. Àwa tí a wà lọ́jà nígbà náà mọ bí ọjà ṣe ń yá nígbà tí wọ́n bá gbowó oṣù. Nígbà tó di 1986 tí SAP dé, owó náírà ṣubú, iṣẹ́ dín kù, ọ̀pọ̀ bàbá padà sílé. Ní 1991 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, gbogbo ojú wá yí sí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ rántí O-YES tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 2010: 20,000 ọ̀dọ́ ni wọ́n gbà, tí wọ́n ń fún ní 10,000 náírà lóṣù. Láti 2021 ni ilé iṣẹ́ ńlá ti ń wa wúrà ní Ṣẹ́gilọlá lápá Ìpẹ̀rìndó, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mìíràn sì ń gbẹ́ wúrà fúnra wọn nínú igbó. Òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn ń ṣe POS. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti rí ọ̀nà ni wọ́n ń lọ.

Kí wá ni ọmọ ń rí lọ́dọ̀ tiwa? Owó kékeré, ariwo, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò kúrò tàbí ohun tí yóò mú lọ. A gba ẹrù Òṣómàáló, a fi àdéhùn ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní 2009, àna mi kan mú ọmọbìnrin kan wá fún mi. Nítorí pé àna ló mú un wá, n kò béèrè nǹkan kan, a kò kọ ìwé, a kì í jọ ka ọjà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, 38,000 náírà dín. Mo pè é ní olè lójú gbogbo ará ọjà. Ó sunkún lọ ilé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni oníbàárà mi kan dé, ó ní òun wá san owó aṣọ ẹbí: 38,000 náírà géérégé. Èmi ni mo gbé aṣọ náà fún un ní ọjọ́ Sátidé kan, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ bẹ ìyá ọmọ náà. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀, wọ́n fún mi lómi mu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà wá mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sì ti tàn ká àdúgbò kí n tó dé. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣe é kó.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa ń dé ilé òbí ọmọ kí n tó gbà á. Mo ń béèrè onídùúró méjì tí wọ́n mọ ìwà rẹ̀ lóòótọ́. N kì í gba ọmọ tó yẹ kó wà ní ilé ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò fẹ́ ẹ, àánú náà kò sì fẹ́ ẹ. Oṣù kan la fi ń wo ara wa, mo sì ń san owó oṣù náà. Lẹ́yìn náà la ó kọ ìwé: iye owó oṣù, iye ọdún, ohun tí yóò gbà lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé la jọ ń ka ọjà, àwìn tí èmi fúnra mi bá tà náà ń wọ ìwé. Òótọ́ ni pé òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di 70,000 náírà ní 2024, kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo ṣọ́ọ̀bù wa náà ń ra gàárì lọ́jà kan náà pẹ̀lú wa.

Ohun tó kù ni owó ìdásílẹ̀, òun ló sì máa ń wúwo. Àbá tí mo fẹ́ gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò nìyí: kí ẹgbẹ́ ṣí ìwé ìfowópamọ́ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ọmọ iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá bá ń fi 5,000 náírà sí i lóṣù, ní ọdún mẹ́ta yóò di 180,000 náírà. Kò ní ni wá lára, ọmọ náà á máa rí i bó ṣe ń pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn yóò sì di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa kí a tó pàdé.

Ajé yóò máa wọlé wá o. A ò ní fi ọwọ́ ara wa lé ẹni rere lọ. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.